Ìyá Tọ́pẹ́ àti ọdẹ orí: bí àjọ owó ṣe di àjọ wákàtí

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo ti gba àṣẹ lẹ́nu obìnrin yìí o. Òun gan-an ló ní kí n kọ ọ́, ó ní àwọn tó wà nípò tóun wà nígbà yẹn pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n kàn ń ra oògùn ibà kiri. Mo ti yí orúkọ ẹ̀ padà, mo sì pa àwọn nǹkan díẹ̀ dà nípa ẹbí ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Ìyá Tọ́pẹ́ la ó máa pè é. Nọ́ọ̀sì ni mí, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba kan lápá Mushin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí àwọn àgbàlagbà ń wá yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ náà ń wá síbẹ̀, àmọ́ wọn kì í sọ pé ọkàn ló rẹ àwọn, ara ni wọ́n máa ń dárúkọ.

Bí Ìyá Tọ́pẹ́ náà ṣe wọlé nìyẹn. Ó ní orí òun ń gbóná, ó ní nǹkan kan ń rìn láti àtàrí òun sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, etí òun ń hó, àyà òun máa ń ṣàdédé já láìsí ohun tó dẹ́rù bà òun, oorun ò sì kun òun mọ́. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì mi, ó tú u. Oògùn ibà oríṣi méjì, oògùn taifọ́ọ̀dù, oògùn ara ríro, fítámì, àti ìgò àgbo kan tó ti mu dé ìdajì. Ẹnì kan lọ́jà ti sọ fún un pé ọdẹ orí ni, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó sín gbẹ́rẹ́ fún un lórí. Nígbà tó tú gèlè mo rí ojú gbẹ́rẹ́ náà, kò tíì jinná tán.

Ọdẹ orí yìí, n ò ní í bá ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé. Láti ọdún 1987 ni dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ti kọ nípa ẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, pé ohun táwọn èèyàn wa ń pè bẹ́ẹ̀, kí nǹkan máa rìn lórí àti lára, kí etí máa hó, kí àyà máa já, ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àìbalẹ̀ ọkàn ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Ìyà tó ń jẹ ẹni náà kì í ṣe irọ́, ó ń rìn lórí ẹ̀ lóòótọ́. Oògùn ibà ni ò lè mú un kúrò.

Mo yẹ ìfúnpá ẹ̀ wò, 168 lórí 104, ó ga gan-an. A ṣe tẹ́sìtì ibà fún un, kò sí ibà níbẹ̀. Mo wá bi í pé, "Ìyá Tọ́pẹ́, ìgbà wo lẹ sùn fún wákàtí mẹ́rin gbáko kẹ́yìn, tí ẹnì kankan ò jí yín?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka nǹkan, ó ka á dé ìka kẹta, ó dúró, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ẹ̀ láìjẹ́ pé ó dún rárá. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wà níta tí wọ́n ń dúró dè mí, àwọn ọmọ ń ké, mo ní kí ẹnì kejì mi bá mi gba tábìlì náà, mo mú un wọ inú yàrá tá a ti ń di egbò, ibẹ̀ nìkan ló ní ilẹ̀kùn tó ṣe é tì.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Ìyá ẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan ṣáájú ìgbà yẹn tí Màmá ń múra àtiṣe àlùwàlá Àsùbáà, wọ́n kàn gbọ́ gbì ni nínú balùwẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu Màmá, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tá a bá sọ ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ dáhùn, ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n dá a sílẹ̀, ó wá ku ta ló máa mú un lọ sílé. Ọmọ mẹ́ta ni Màmá bí. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, ó ní tíṣà nìyàwó òun, kò sẹ́ni tó máa wà nílé. Àbúrò wọn wà ní Kánádà. Gbogbo wọn sì fẹnu kò pé ṣebí ìwọ lobìnrin. Bó ṣe kángun sí yàrá méjì ní Mushin nìyẹn, nínú ilé tí gbogbo ayálégbé ti jọ ń lo balùwẹ̀ kan, òun, ọmọ méjì, àti Màmá. Ọkọ ẹ̀ ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan ní Lẹ́kí, ibẹ̀ ló ń sùn, alẹ́ Sátidé ló ń wálé, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló ń padà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọjọ́ kan ṣe ń rí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Lóru, fóònù ẹ̀ máa ń dún ní wákàtí méjì méjì, kó lè dìde yí Màmá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí egbò má bàa jáde níbàdí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ọsibítù ò ṣì í sọ, ohun tó yẹ ká ṣe fún ẹni tí kò lè yí ara ẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ẹni tó wà ní ọsibítù ń ṣe é ní ṣíìfù, tó bá dàárọ̀ á lọ sílé lọ sùn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ó ti dìde tán, á pọn omi kí àwọn ayálégbé yòókù tó gba balùwẹ̀, á pààrọ̀ páńpásì, á nu Màmá, á fọ àwọn aṣọ tó ti bàjẹ́ lóru. Á múra àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Á wá fún Màmá ní ògì, ṣíbí kan, ká dúró, ká rí i pé ó ti gbé e mì, ṣíbí mìíràn. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ìyẹn nìkan. Ìlẹ̀kẹ̀ àti èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ló ń tà ní Ojúwòyè, ó yẹ kó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láago méje, aago mọ́kànlá ló ń débẹ̀, tó bá di aago méjì ó gbọ́dọ̀ ti sáré padà lọ pààrọ̀ Màmá. Àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ ò lè máa dúró dè é, wọ́n ti yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́. Tọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lóru láti bá ìyá ẹ̀ yí ìyá àgbà, tíṣà ẹ̀ sì ti ránṣẹ́ wá sílé pé ọmọ náà ń sùn ní kíláàsì.

Ní Fúráìdè ẹ̀wẹ̀, ó ń lọ ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ ẹ̀, torí ó gbà pé àdúrà òun ni ò tó.

Àwọn èèyàn ń wá kí wọn o, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò wá. Wọ́n á jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run ò ní í gbé ẹrù tó ju agbára ẹni lọ ka ẹni lórí, ẹ wo ti lágbájá tiẹ̀ burú jù báyìí lọ. Ìyá Tọ́pẹ́ sọ fún mi pé irú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló máa ń pa òun lẹ́nu mọ́ jù, torí tí òun bá ti sọ pé ó rẹ òun, á dà bíi pé òun ò moore. Wọ́n á wá jẹun, torí a kì í jẹ́ kí àlejò lọ lébi, òun náà lá sì fọ abọ́ tí wọ́n jẹ.

A ní àwọn ìbéèrè mẹ́sàn-án kan tá a máa ń bi èèyàn nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: báwo ni oorun, báwo ni oúnjẹ, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ yín, ṣé ẹ máa ń rò pé ẹ ti já ara yín àti ẹbí yín kulẹ̀. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, òdo sí mẹ́ta, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 27. Tó bá ti dé 10, ó yẹ ká wò ó dáadáa. Ti Ìyá Tọ́pẹ́ jẹ́ 19. Mo fi Yorùbá bi í ní gbogbo ẹ̀, mo dé orí ìkẹsàn-án, èyí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fò torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ò gbọdọ̀ fi irú èrò bẹ́ẹ̀ sí èèyàn lórí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Bíbéèrè kì í gbin èrò ikú sí ẹnikẹ́ni nínú, ẹni tó ti ń gbé e kiri ló ń rí ibi sọ ọ́ sí. Mo bi í ní tààràtà pé, "Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé ó sàn kẹ́ ẹ kúkú kú?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú èmi àti Màmá lọ lóru kan náà, ká má jí." Mo bi í bóyá ó ti ro bó ṣe máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan kan, ó ní rárá, ó ní àwọn ọmọ òun ńkọ́. Ó wá bi mí bóyá máa sọ fún ọlọ́pàá.

Ìbéèrè yẹn ò yà mí lẹ́nu. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ tá a jogún, abala 327, ṣì ní ẹni tó bá gbìyànjú àtipa ara ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ní tiẹ̀ sọ pé kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo ṣàlàyé fún un pé ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń tọrọ ikú, ìyẹn ò sí nínú òfin kankan, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rá oògùn yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó fi í sílẹ̀. A jọ kọ orúkọ àwọn tó lè pè lóru tí èrò náà bá tún dé sínú fóònù ẹ̀, orúkọ ọkọ ẹ̀ ló wà lókè, ọkọ tó jẹ́ pé títí di ọjọ́ yẹn kò mọ̀ rárá pé nǹkan ti dé ibẹ̀ yẹn.

Ó tún sọ nǹkan kan, òun ló sì jọ pé ó wúwo jù lọ́kàn ẹ̀. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá tu ògì sílẹ̀ sórí aṣọ tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fún un, òun sì pariwo mọ́ ọn, òun fa ọwọ́ ẹ̀ tó kú yẹn. Màmá wo òun. Kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn wo òun. Ó ní òun jáde lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀ láàárín àwọn sítóófù, òun ń sọ pé ọmọ burúkú ni mí, ọmọ burúkú ni mí. Mo sọ fún un pé ẹni tí kò tíì sùn láti ọdún tó kọjá ló pariwo yẹn. Mi ò sọ pé ó dáa o. Mo ní tí a bá fẹ́ kí Màmá wà láìséwu, àfi kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ sùn, méjèèjì ò ṣe é pín níyà.

Mo fẹ́ kọ̀wé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba. Ṣé ẹ mọ bí ojú ẹ̀ ṣe yí? "Ṣé wèrè ni mo ya ni, Nọ́ọ̀sì?" Ọdún 1907 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, ilé ìhámọ́ lásán ló sì jẹ́ lákòókò yẹn, ìran àwọn òbí wa jogún ìbẹ̀rù yẹn, àwa náà jogún ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀ lónìí, àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ọ̀sán ni wọ́n ń padà sí ibi iṣẹ́ wọn. Kódà òfin tó dé ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa, òfin wèrè tó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó, oṣù January 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò ẹ̀. N ò bá a jiyàn. Mo rántí pé ó ń gbé Màmá lọ LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà fún eré ìdárayá apá àti ẹsẹ̀, dókítà ọpọlọ sì wà nínú ọgbà kan náà. A ṣètò ẹ̀ kó bọ́ sí ọjọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó máa bi í pé níbo lò ń lọ.

Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, pẹ̀lú ìfúnpá gíga. Ó fún un ní oògùn fún méjèèjì, ó sì ṣàlàyé pé ti ọkàn yẹn kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kéèyàn tó rí ìyàtọ̀, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í dá a dúró lójijì. Ìyẹn dáa. Àmọ́ èmi mọ̀ pé tó bá gbé oògùn náà dé ilé, fóònù yẹn ṣì máa dún ní wákàtí méjì méjì. Àwọn èèyàn wa tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa mọ èyí dáadáa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, àwọn aláìsàn ẹ̀ ń gbé láàárín ìlú, ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé ibẹ̀, kò ya èèyàn kúrò lára èèyàn kó tó wò ó sàn. Ní ti Ìyá Tọ́pẹ́, àwọn èèyàn ẹ̀ wà, wọn ò kàn tíì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe ni.

Ìpàdé ẹbí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, lórí WhatsApp. Ìyá Tọ́pẹ́ ní kí n wà níbẹ̀ torí tóun bá sọ ọ́ fúnra òun, wọ́n á ní òun ń ráhùn. Mo ka ìfúnpá ẹ̀ fún wọn, mo sọ wákàtí tó ń sùn, mo sọ pé tó bá ń bá a lọ báyìí, aláìsàn méjì ni wọ́n máa ní nínú yàrá yẹn. Àbúrò Kánádà bínú díẹ̀. Ó ní, "Sístà mi, ṣé owó tí mò ń fi ránṣẹ́ ò tó ni? Ẹ ò ṣe sọ?" Ìyá Tọ́pẹ́ dá a lóhùn jẹ́jẹ́: "Owó tó. Kò sẹ́ni tó lè fi owó yí Màmá lóru." Àbúrò náà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa padà sọ̀rọ̀, ó ní ká wá alágbàtọ́ tó máa sùn síbẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, òun máa san án lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn ṣèlérí pé òun máa wá ní Sátidé tó bá parí oṣù kọ̀ọ̀kan, ó wá lẹ́ẹ̀kan, ó wá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ló di pé mọ́tò bàjẹ́. Ọkọ ẹ̀ ni mo fẹ́ yìn jù. Ó sunkún lórí fóònù, láti ọ̀sẹ̀ yẹn sì ni alẹ́ Sátidé ti di tiẹ̀, òun ló ń yí ìyá ìyàwó ẹ̀, òun ló ń pààrọ̀ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ á ti ilẹ̀kùn yàrá kejì, á sùn.

Tọ́pẹ́ ńkọ́? Mo ta kò ó gidigidi pé kí ọmọ yẹn máa dìde lóru mọ́. Kó bá ìyá ẹ̀ fọ abọ́, kó ka ìwé fún ìyá àgbà, ó tó.

Ibi tí ìyípadà gan-an ti wá ni mi ò rò. Ìyá Tọ́pẹ́ wà nínú àjọ kan ní Ojúwòyè, àwọn obìnrin bíi méjìlá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá owó lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń kó o yípo. Ó ti jẹ wọ́n ní owó àjọ. Àlájà tó ń darí wọn, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tó ń ta epo pupa, wá sílé wá béèrè owó náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó bá báàfù aṣọ tó ti rùn níta, ó bá Ìyá Tọ́pẹ́ tó jókòó tí, tí kò lè dìde. Ohun tí Àlájà ṣe rèé, bí Ìyá Tọ́pẹ́ ṣe sọ ọ́ fún mi: ó bọ́ ìborùn ẹ̀, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fa àpótí, ó jókòó ti báàfù náà, ó ń fọ aṣọ. Kò mẹ́nu ba owó. Nígbà tó fọ ọ́ dé ìdajì ló bi í pé, "Báwo ni alẹ́ àná ṣe rí?" Ìyá Tọ́pẹ́ ní láti ìgbà tí Màmá ti ṣubú, kò tíì sẹ́ni tó bi òun ní ìbéèrè yẹn, báwo ni Màmá ni gbogbo wọn máa ń bi. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó sọ ti oorun, ó sọ ti ògì, ó sọ ti àdúrà tó ń gbà. Àlájà ń fọṣọ lọ, ó ń sọ pé "ẹn", "ẹn-ẹn", "mò ń gbọ́ ẹ". Kò fún un ní ìmọ̀ràn kankan. Ó sá aṣọ, ó ní òun ń bọ̀.

Lọ́jọ́ àjọ tó tẹ̀lé e, Àlájà sọ fún wọn pé Ìyá Tọ́pẹ́ ò lówó lọ́wọ́, kò sì ní wákàtí, pé wákàtí náà ṣe é dá. Ó ya ojú ewé tuntun nínú ìwé ogójì ewé tí wọ́n fi ń kọ àjọ. Ẹni tó bá lè dá wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kó kọ orúkọ ẹ̀, kó kọ ọjọ́ ẹ̀, tó bá dé kó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe òun náà, á kó tiẹ̀. Obìnrin méje kọ orúkọ.

N ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ó lọ geerege o. Mo lọ sílé náà lọ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìrọ̀rí ti Màmá lẹ́yìn tí wọ́n bá yí i, bí wọ́n ṣe ń gbé e jókòó dáadáa kí wọ́n tó fún un ní oúnjẹ kó má bàa lọ sí ọ̀nà ọ̀fun òdì, àti àwọn àmì tí wọ́n bá rí tí wọ́n gbọ́dọ̀ sáré gbé e lọ ọsibítù. Lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀kan nínú wọn fẹ́ tú aṣọ Màmá, Màmá sì fi ọwọ́ òsì ẹ̀ tó ṣì dáa di aṣọ náà mú pinpin, ó yí ojú sí ògiri. Gbogbo wa dúró. Àlájà ló kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, a ò bi yín." Wọ́n wá ń dárúkọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá ń mi orí sí ẹni tó bá fẹ́ kó wẹ òun. Àwọn méjì ló gbà fún, àwọn tó ti mọ̀ láti ìgbà tó máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn yòókù ń ṣe oúnjẹ, wọ́n ń yí i, wọ́n ń jókòó tì í.

Àlájà tún ṣe òfin méjì. Ohun tójú bá rí nínú yàrá yẹn, ẹnu ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lọ́jà. Ẹni tó bá wá, kó má wàásù. Obìnrin kan ò lè pa ìkejì mọ́, ó ń sọ pé àìgbàgbọ́ ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì, ó ní kí Ìyá Tọ́pẹ́ sọ oògùn dókítà nù. Àlájà yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé láìbá a jà. Ẹlòmíràn fi sílẹ̀ torí ọjà. Àwọn márùn-ún ló kù, àwọn márùn-ún yẹn ò sì yẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn náà, nígbà tó gbọ́, ló wá fúnra ẹ̀ sọ fún un pé kó má wá sí ìṣọ́ òru mọ́, kó sùn, àwọn á máa bá a gbàdúrà. Oorun tó sùn ní àwọn Fúráìdè wọ̀nyẹn, mo gbà pé ó wà lára oògùn ẹ̀.

Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ Zimbabwe. Dókítà ọpọlọ kan níbẹ̀, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò ní Harare lọ́dún 2006 pé kí wọ́n máa jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n jọ mú ìṣòro kan ṣoṣo tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Wọ́n ṣe ìwádìí ẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2016, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì náà yá ju tàwọn tó gba ìtọ́jú lásán lọ. Àlájà ò gbọ́ nípa bẹ́ńṣì kankan rí.

Kí ni Ìyá Tọ́pẹ́ wá ń fi wákàtí ẹ̀ ṣe? Oorun ló kọ́kọ́ ń fi í sùn, ó sùn bíi kó má jí mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ń fu ú, ó ń rò pé ó yẹ kóun máa ṣe nǹkan kan, á fẹ́ sáré lọ ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀sán Wẹ́sìdeè sílẹ̀, kó má fi tajà, kó má fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó má fi se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kó tó rí ohun tó fẹ́ ṣe, torí ẹni tó ti pẹ́ tó ń gbọ́ ti ẹlòmíràn máa ń gbàgbé ohun tóun fúnra ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí. Nígbà tó yá ló pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ó máa ń wọ dánfó lọ síbẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á dì í nírun, wọ́n á jẹ dùndú, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ nígbà náà, á sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín ara òun.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ara ẹ̀ ti yá díẹ̀, ó sì dá oògùn dúró. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àsìkò Ààwẹ̀ ló bọ́ sí, àwọn obìnrin tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú àjọ náà ò lè wá ní ọ̀sán, alágbàtọ́ tún lọ sí ìlú ẹ̀. Kò pẹ́ tí orí ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, nǹkan náà tún ń rìn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí kò lọ sọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ló wá, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, oorun mi ti tún lọ, ẹ yẹ̀ mí wò kó tó burú." Ó padà sọ́dọ̀ dókítà, ó padà sórí oògùn, Àlájà sì sún àwọn wákàtí Ààwẹ̀ sí ẹ̀yìn ìṣínu.

Ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ìfúnpá ẹ̀ jẹ́ 136 lórí 84, ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn sì jẹ́ 7. Ìkẹsàn-án jẹ́ òdo. Màmá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, apá náà ò padà bọ̀ sípò, owó páńpásì ń gbówó lórí, ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn ṣì ń sọ ti mọ́tò. Ìyá Tọ́pẹ́ ṣì máa ń pariwo nígbà míì, àmọ́ ó ti mọ̀ pé tí ọwọ́ òun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kóun gbé abọ́ ògì sílẹ̀, kóun jáde sí ìta, kóun mí sínú, kóun mí síta pẹ́ ju bóun ṣe mí sínú lọ, títí àyà á fi rọlẹ̀, kóun tó padà wọlé. Ó ti san gbèsè àjọ ẹ̀ tán. Nínú ìwé ogójì ewé yẹn, ó ti kọ orúkọ ara ẹ̀ sí ojú ewé obìnrin mìíràn tí ọmọ ẹ̀ ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde, ọ̀sán Túsìdeè ni tiẹ̀.

Ẹni tó bá wà l'Ékòó tó jẹ́ pé bó ṣe ń ṣe Ìyá Tọ́pẹ́ ló ń ṣe é yìí, kó lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ ọn jù, kó sọ ti oorun, kó sọ ti ìrònú, kó má sọ ti ibà nìkan. Dókítà ọpọlọ wà ní LUTH, ó wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ti ìpínlẹ̀ Èkó, n'Íkẹjà, ó wà ní Yaba. Tó bá ti di pé èrò ikú ń wá, ẹ má dá wà lóru yẹn, ẹ pe ẹnì kan kó wá jókòó tì yín, tó bá sì le, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó, kò gba owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lọ kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹ béèrè báwo ni alẹ́ àná ṣe rí, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí báàfù aṣọ wà.